Ṣíṣọ́ Epo Ọkọ̀ Lò: Ẹ̀kọ́ Ọdún 1973 Tí Ó Fò Wá Dá

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ láti fi ṣí ìjíròrò ti òní ni ọ̀nà tí ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ lè gbà dín owó tí ó ń ná lórí epo kù. Ní ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ olùkọ́ èdè. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ọ̀rọ̀ ìtàn ni, nítorí pé ìwà kì í ṣàdédé mọ́ ènìyàn lára. Bí a bá rí ẹni tí ó tan ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ lẹ́bàá ọ̀nà, tí a tún rí ẹlòmíràn tí ó pa ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ kí ó tó jẹ́ kíkí, ohun kan ni ó kọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ohun tí ó ń ṣe. Ìtàn ohun náà ni mo fẹ́ sọ.

Kókó tí mo fẹ́ fi múlẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ní ọdún 1973, epo rọ̀bì gbówó lórí káàkiri àgbáyé. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo yìí kọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń ra epo ní ìṣọ́ra. Ó sì kọ́ àwa tí a ń tà á ní ìnákúnàá. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ẹlòmíràn kọ́ nígbà náà fò wá dá. Nígbà tí ó padà dé ọ̀dọ̀ wa ní ọdún 2023, kò kágò kí ó tó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 6, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1973, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì ní apá kan, àti Íjíbítì pẹ̀lú Síríà ní apá kejì. Ní ọjọ́ 16, oṣù kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń wa epo ní agbègbè Ìlà-Oòrùn Àárín Gbùngbùn gbé owó àgbá epo rọ̀bì kan kúrò ní nǹkan bí dọ́là 3 lọ sí dọ́là 5 ó lé díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn Lárúbáwá tí ó ń ta epo pinnu pé àwọn yóò dín iye epo tí àwọn ń wà kù. Láìpẹ́, wọ́n kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà àti Holland rárá, nítorí pé wọ́n ní wọ́n gbè lẹ́yìn Ísírẹ́lì. Nígbà tí oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1974 fi máa dé, owó àgbá kan ti kọjá dọ́là 11. Láàárín oṣù mẹ́ta, owó epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin.

Kí ni àwọn tí ó ń ra epo ṣe? Ní Holland, ìjọba fi òfin de wíwa ọkọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 4, oṣù Bélú, ọdún 1973. Àwọn ènìyàn gun kẹ̀kẹ́ ní ojú títì tí ọkọ̀ ti máa ń sáré àsápajúdé. Jámánì ti Ìwọ̀-Oòrùn ṣe bákan náà ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 25, oṣù Bélú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba pín ìwé tí a ó máa fi ra epo ní ìwọ̀n fún àwọn oní-mọ́tò. Wọn kò padà lo ìwé náà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é lófin ní oṣù Ọ̀pẹ pé ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ sáré ju máìlì 50 ní wákàtí kan lọ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí epo ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi rí rọ̀gbọ̀tọ̀ bí ilé, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní ilé epo láti ìdájí. Ìpínlẹ̀ Oregon wà lára àwọn tí ó pàṣẹ pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá parí sí òǹkà tí a kò lè pín sí méjì gbọgba yóò ra epo ní ọjọ́ tí òǹkà tirẹ̀ náà jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ìyókù sì rà ní ọjọ́ kejì.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1974, Richard Nixon tí ó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà buwọ́ lu òfin tí ó mú kí eré ọkọ̀ má ju máìlì 55 lọ ní wákàtí kan káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Òfin yìí kan náà ya owó sọ́tọ̀ láti fi gba àwọn ènìyàn níyànjú kí wọ́n máa jọ wọ ọkọ̀ kan lọ sí ibi iṣẹ́. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1975, wọ́n tún ṣe òfin mìíràn tí ó mú àwọn tí ó ń ṣe ọkọ̀ ní dandan: nígbà tí ó bá fi máa di ọdún 1985, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ lè fi gálọ́ọ̀nù kan rin máìlì 27.5 ní ìpíndọ́gba. Èyí tó ìlọ́po méjì ohun tí ọkọ̀ wọn ń rìn ní ọdún 1974. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà kọ́ ẹ̀kọ́ náà: wọ́n kọ́ awakọ̀ bí yóò ṣe wà á, wọ́n kọ́ aládùúgbò bí yóò ṣe bá ẹnìkejì wọ̀ ọ́, wọ́n sì fi òfin mú ẹni tí ó ń ṣe ọkọ̀ kí ó ṣe é dára sí i.

Ní ilé wa ńkọ́? A ti rí epo rọ̀bì ní Oloibiri láti ọdún 1956. A ti ń tà á sí òkè òkun láti ọdún 1958. A sì wọ ẹgbẹ́ OPEC ní ọdún 1971. Nàìjíríà kò bá àwọn Lárúbáwá kọ̀ láti ta epo. A ta tiwa, a sì tà á ní iye tuntun. Bí ẹni pé ẹnìkan ń da owó láti òkè ni ó rí lójú wa. Ní ọdún 1974, ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ìjọba sì san án pẹ̀lú àjẹsílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà wa fi ń pe owó náà ní owó Udoji títí di òní. Ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀ ra alùpùpù; ẹni tí ó ti ní alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní ọdún 1975 kan náà, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, ti Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó fi owó yíyá ìjọba ra ìjàpá Volkswagen nígbà náà.

Èló ni epo tí wọ́n ń rà sínú ọkọ̀ wọ̀nyí? Ní ọdún 1973 tí àwọn òyìnbó ń sunkún epo, kọ́bọ̀ 8.45 ni lítà kan ní ilé wa. Ní ọdún 1976, ó di kọ́bọ̀ 9. Ìjọba ni ó ń dá iye náà sílẹ̀, ó sì fẹ́ kí ó dọ́gba láti Èkó títí dé Máídúgùrì. Ta ni yóò kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìṣọ́ epo lò? Ohun tí kò níye lórí kì í ní olùṣọ́.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wa hàn kedere. Mo ti sọ bí Oregon ṣe fi nọ́ńbà ọkọ̀ pín ọjọ́ nítorí àìtó epo. Ní ọdún 1977, ìjọba fi nọ́ńbà ọkọ̀ pín ọjọ́ ní Èkó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni. Àwọn ọkọ̀ kan yóò jáde ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì; àwọn ìyókù yóò jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Èrò àwọn aláṣẹ ni pé ìdajì àwọn ọkọ̀ yóò máa sinmi nílé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tí ó lówó ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkíní. Òfin tí ó kọ́ àwọn kan ní ìwọ̀n, òun náà ni ó sọ àwọn kan ní ilé wa di ọlọ́kọ̀ méjì. N kò sọ èyí láti fi wá ṣẹ̀sín. Ẹni tí epo rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ 9 ni yóò lè ronú lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé a kò mọ ọ̀wọ́n epo. Láti àárín àwọn ọdún 1970 ni a ti ń tò ní ilé epo, nítorí pé epo tí a ń fọ̀ nílé kò tó èyí tí a ń lò. Ilé ìfọpo kan ṣoṣo ni a ní, ti Port Harcourt tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1965, kí ti Warri tó dé ní ọdún 1978, kí ti Kàdúná sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1980. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ìtòlọ́wọ̀ọ̀wọ́ kọ́ wa yàtọ̀. A kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú epo pamọ́, a kò kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ ọ lò. Kẹ́ẹ̀gì epo wọ ìyẹ̀wù, ó wọ abẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni iná ti ipasẹ̀ rẹ̀ jó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gbọ́ mi lónìí tí ó ní irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó jọ̀wọ́ mọ̀ pé owó tí ó rò pé òun ń fi pa mọ́ kò tó iye ilé, áńbọ̀sì ẹ̀mí.

Láti ìgbà náà ni iye epo ti ń gun òkè. Ó di kọ́bọ̀ 15.3 ní ọdún 1978, ó di kọ́bọ̀ 20 ní ọdún 1982, ó sì di kọ́bọ̀ 39.5 ní ọdún 1986. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1989, ìjọba gbé ti ọkọ̀ àdáni lọ sí kọ́bọ̀ 60, ó sì fi ti ọkọ̀ èrò sílẹ̀ ní kọ́bọ̀ 42. Kí ọdún náà tó parí, ó so méjèèjì pọ̀ ní kọ́bọ̀ 60. Ní oṣù Bélú ọdún 1993, ó fò láti kọ́bọ̀ 70 dé náírà 5, kí wọ́n tó dá a padà sí náírà 3.25. Ní ọjọ́ 1, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2012, ó kúrò ní náírà 65 ó di náírà 141. Àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, ìgboro dàrú, ìjọba sì sọ ọ́ di náírà 97.

Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, iye epo ni a ń jà lé lórí. A kì í bi ara wa léèrè bí a ṣe ń lò ó. N kò bá ẹnikẹ́ni tí ó jà wí. Àwọn àgbà ni wọ́n ní a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ ẹnu bọ́jú. Orílẹ̀-èdè tí ó ní ilé ìfọpo mẹ́rin, tí wọ́n kọ́ láti fọ àgbá 445,000 lóòjọ́, kò yẹ kí ó máa gba ọ̀nà òkun ra epo tí a ti fọ̀. Ẹ̀tọ́ ni ẹ̀sùn náà. Síbẹ̀, nǹkan méjì ni iye epo àti ìlò epo, ẹni tí ó bá sì fi ìjà ìkíní gbàgbé ìkejì ń san owó ẹ̀ẹ̀mejì.

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọn kò gbàgbé rí. Awakọ̀ èrò ni mo ń wí. Ẹni tí ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ olówó, tí ó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ iye kan fún un ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, nínú èrè ara rẹ̀ ni ó ti ń ra epo. Nítorí náà ni kì í fi í kúrò ní gáréèjì títí ọkọ̀ yóò fi kún, bí èrò inú rẹ̀ tilẹ̀ ń ráhùn. Nítorí náà ni ó fi máa ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ó bá ń dúró de èrò, tí ó fi mọ gbogbo àbùjá ìgboro, tí ó sì fi ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí ìyá ṣe ń gbọ́ ikọ́ ọmọ. Àwa tí a ń gba owó oṣù ń bú u ní ahun. Kò yé wa pé láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni olùkọ́ ti wà ní ojú títì wa, tí a kò sì jókòó ní kíláàsì rẹ̀.

Ọjọ́ 29, oṣù Èbìbí, ọdún 2023 ni Ààrẹ tuntun, Bọ́lá Tinúbú, kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà kan ní Èkó ti kúrò ní nǹkan bí náírà 185 ó di náírà 488 ní ilé epo NNPC. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè bá wa ṣe é. Ká ní olùkọ́ kan ń rin kìlómítà 20 lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì ń rin 20 bọ̀. Ọjọ́ 22 ni ó fi ń ṣiṣẹ́ lóṣù. Kìlómítà 880 nìyẹn. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń fi lítà kan rin kìlómítà 10, lítà 88 ni yóò lò.

Ní ọdún 1982 tí lítà jẹ́ kọ́bọ̀ 20, lítà 88 yìí jẹ́ náírà 17 àti kọ́bọ̀ 60. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ lófin nígbà náà jẹ́ náírà 125. Epo náà kò tó ìdá kan nínú méje rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èbìbí ọdún 2023, ó jẹ́ náírà 16,280. Ní òpin oṣù kan náà, ó di náírà 42,944, nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù lọ jẹ́ náírà 30,000. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, tí NNPC ta lítà kan ní náírà 998 ní Èkó, ó di náírà 87,824, bẹ́ẹ̀ sì ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ ọ́ jí, jẹ́ náírà 70,000. Ẹ̀yin òǹwòran, ohun tí ó jẹ́ ìdá kan nínú méje ní àtijọ́ ti ju odidi lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olùkọ́ fi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ń pa kíláàsì jẹ nítorí owó ọkọ̀.

Kí ni awakọ̀ lè ṣe? Èkíní ni wíwọn. Ẹni tí kò bá mọ iye tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ kò lè dín in kù. Kí a rọ epo kún ọkọ̀, kí a kọ òǹkà kìlómítà sílẹ̀. Nígbà tí a bá tún rọ ọ́ kún, kí a fi iye lítà tí ó gbà pín iye kìlómítà tí a rìn. Bí òǹkà náà bá ń já wálẹ̀ láti oṣù dé oṣù, àìsàn ń bẹ lára ọkọ̀ náà nìyẹn, ó sì yẹ kí mẹkáníìkì yẹ púlọ́ọ̀gì àti asẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò.

Èkejì ni eré. Òfin máìlì 55 tí Amẹ́ríkà ṣe kì í ṣe àlá. Afẹ́fẹ́ ni ó ń dí ọkọ̀ lọ́nà, bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í padà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó bá rọra rin kìlómítà 80 ní wákàtí kan lórí títì Ìbàdàn sí Èkó yóò lo epo tí ó kéré sí ti ẹni tí ó ń sá kìlómítà 120. Bákan náà ni ẹni tí ó bá tẹ ọkọ̀ wàì tí ó sì tún tẹ bíréèkì gìrì, epo ni ó ń sọ di ooru lásán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni táyà àti ẹrù. Táyà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti lọ ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Kí a máa yà lọ́dọ̀ fọkanáísà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kí táyà sì tutù kí a tó wọ̀n ọ́n. Ẹrù tí kò níṣẹ́ nínú búùtù ń jẹ epo lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹrin ni títan ọkọ̀ sílẹ̀ lójú kan. Ọkọ̀ tí ó dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lè jẹ nǹkan bí lítà kan sí méjì ní wákàtí kan, gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì náà bá ti tóbi tó, àti bí ẹ̀rọ amútutù rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún àṣìṣe kan ṣe, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a kọ́ lójú títì ni ó tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ a máa yọ jíà nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, wọ́n ní àwọn fi í sí fírì kí epo má baà lọ. Nínú ọkọ̀ ayé òde òní tí kì í lo kábúrétọ̀, òdìkejì ni ọ̀rọ̀ náà. Bí jíà bá wà nínú ọkọ̀ tí a sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ̀rọ inú rẹ̀ yóò sé epo pátápátá, nítorí pé òkè náà ni ó ń yí ẹ́ńjìnnì. Bí a bá yọ jíà, ẹ́ńjìnnì yóò tún máa wá epo tí yóò fi wà láàyè. A pàdánù epo, a sì tún fi ara wa sínú ewu, nítorí pé bíréèkì nìkan ni yóò máa dá ọkọ̀ náà dúró.

Bí olùkọ́ tí a ń ṣírò rẹ̀ bá ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí, tí ọkọ̀ rẹ̀ wá ń fi lítà kan rin kìlómítà 12 dípò 10, owó epo rẹ̀ ní iye òpin oṣù Èbìbí ọdún 2023 yóò fi ohun tí ó lé ní náírà 7,000 dín kù lóṣù. Kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n kò tó láti gbà á là. Ohun tí ó lè gbà á là ni ohun tí àwọn baba wa mọ̀ kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ yìí, ìyẹn ni àáró. Bí àgbẹ̀ mẹ́ta ṣe ń jọ ro oko ara wọn ní ìtẹ̀léra, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ mẹ́ta tí ó ń gbé àdúgbò kan lè jọ wọ ọkọ̀ kan, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbé tirẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Bí a bá pín náírà 42,944 sí ọ̀nà mẹ́ta, ó dín díẹ̀ ní náírà 14,400 fún ẹnì kan. Ẹ rántí pé náírà 16,280 ni ẹni kan ń ná kí owó ìrànwọ́ tó lọ. Àáró nìkan dá wọn padà sẹ́yìn ọjọ́ 29, oṣù Èbìbí. Láti oṣù Òkúdu ọdún 2023 ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ìnira rẹ̀ kò ju pé kí a má pẹ́ jí, kí a sì fara da orin tí ẹni tí ó ń wakọ̀ bá fẹ́ gbọ́.

Ṣé ìjọba wá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi nìyẹn? Rárá o. Mo sọ pé ọ̀nà mẹ́ta ni Amẹ́ríkà gbà kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún 1973. Awakọ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n di ẹrù lé lórí. Ní ìlú Èkó, ìjọba Látééfù Jákàńdè ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin ìgboro kí ìjọba ológun tó wọ́gi lé e ní ọdún 1985. Ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin irú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní Èkó. Ìran kan gbáko ti fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dàgbà láàárín ìgbà méjèèjì. Epo tí ó jóná nínú ìdúró yẹn, ẹ̀sọ̀ awakọ̀ kan kò lè dá a padà.

Síbẹ̀, a kò ní torí pé ẹlòmíràn jẹ wá ní gbèsè kí a máa da tiwa nù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún àwọn ọmọ ní ìṣirò yìí ní kíláàsì, kí wọ́n fi iye epo àdúgbò wọn rọ́pò èyí tí mo lò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ń ka ìtàn ọdún 1973, ẹ má ṣe dúró lórí ogun àti dọ́là nìkan. Ẹ béèrè ohun tí ọdún náà kọ́ ẹni tí ó di ìdarí ọkọ̀ mú. Olóòtú, ibi tí mo bá a dé nìyí. Mo fi ìyókù sílẹ̀ fún ìjíròrò.